Okùn Àríádínè

Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin tó já bọ́ lọ sí ọsibítù kí Ìnspẹ́kítọ̀ Àníkẹ́ Lágúnjú tó dé gbọ̀ngàn ijó tó wà ní Lágéré láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn. Inú ti ń bí i kó tó wọlé. Ọkọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ò ṣiṣẹ́, ọ̀kadà ló gùn wá, òjò sì pa á dé inú bàtà.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan o," ló pariwo, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Àwọn oníjó ti tẹ orí pèpéle náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gún iyán.

Okùn dúdú kan fì sílẹ̀ láti òkè àjà. Èyí tó já lára rẹ̀ ká jọ sílẹ̀. Lágúnjú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbé ojú okùn náà yẹ̀ wò. Apá kan rẹ̀ dán gbọrọ, ọ̀bẹ ló gbà á kọjá. Apá kejì fà ya wúruwùru. Téèpù dúdú sì wà lára rẹ̀, ẹnì kan ti fara balẹ̀ wé e yípo kí ojú ọ̀bẹ má baà hàn. Wọ́n gé e dé ìdajì ni, wọ́n sì fi ìdajì tó kù sílẹ̀ kó já fúnra rẹ̀. Ìkẹ́olúwa, ọmọbìnrin tó já bọ́ náà, gùn ún dé òkè, okùn já, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbalẹ̀.

Ijó báléè ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ ṣe é fún aráyé wò. Inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ti mú un. Ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Àríádínè fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tísíọ́sì ní okùn, kó fi mọ ọ̀nà jáde nínú ilé kan tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra, níbi tí ẹranko abàmì kan tó ní orí màlúù ń gbé. Ọkùnrin náà pa ẹranko, ó bá okùn jáde, ó mú ọmọbìnrin náà wọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí etíkun kan, ó fi í sílẹ̀ lójú oorun, ó bá tirẹ̀ lọ. Lágúnjú gbọ́ ìtàn náà tán, ó pòṣé. Ó ní irú Tísíọ́sì bẹ́ẹ̀ kún Ifẹ̀ fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ijó nítorí wọn.

Ẹni tó sọ ìtàn náà fún un ni Adésọjí, olùkọ́ kan tó ti fi ọdún méjìlá kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Gíríìkì. Òun ló mú ìtàn náà wá fún ẹgbẹ́ oníjó yìí, òun náà ló sì ń jó Tísíọ́sì, tí Ìkẹ́olúwa ń jó Àríádínè.

"Màdámù, mi ò bá má sọ ọ́," ló wí, ó sì ń fọwọ́ nu ojú. "Àmọ́ ẹ ṣáà mọ̀, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ wo nǹkan tí Àǹtí Mojíre kọ sí gúrúùpù wa lórí Wọ́sáàpù lánàá."

Mojíre ni olùdarí ijó náà. Lágúnjú gba fóònù, ó kà á:

*E ba mi ge okun si meji ki a to bere lola.*

"Ẹ bá mi gé okùn sí méjì kí a tó bẹ̀rẹ̀ lọ́la," ni Adésọjí wí, bí ẹni pé ìnspẹ́kítọ̀ ò mọ̀wé. "Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á, mà. Mo ní bóyá ó ń ṣeré ni. Àti pé lọ́jọ́ Ajé, mo rí òun àti Ìkẹ́olúwa níwájú gbọ̀ngàn. Ọmọ yẹn ń sunkún, omijé ń dà wììrì."

Kò ju wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí Mojíre fi jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni, ó gbẹ bí igi, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Òkun ni mo kọ, Ìnspẹ́kítọ̀!" ló ní. "Òkun, kì í ṣe okùn! Aṣọ búlúù gígùn kan wà tí a fi ń ṣe ojú òkun, òkun ni gbogbo wa ń pè é. Ó gùn jù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo ní kí wọ́n gé e sí méjì."

Ọ̀gá Dúrósinmí, tó jẹ́ DPO àgọ́ náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń gé òkun sí méjì? Ṣé ìwọ ni Mósè?"

"Ta ló wá bá yín gé e?" ni Lágúnjú bi í.

"Mi ò mọ̀. Ìgbà tí mo dé láàárọ̀, mo bá a ní gígé. Mo rò pé Roqeeb, òṣìṣẹ́ wa, ni."

"Ẹ ò rí nǹkan?" ni DPO wí. "Ó gé okùn tán, ó tún gé aṣọ kó lè rí nǹkan wí. Lágúnjú, aago mẹ́rin ni mo fẹ́ rí fáìlì yẹn lórí tábìlì mi. Kóòtù ló máa ti ṣàlàyé òkun rẹ̀."

Ohun tó dun Lágúnjú jù ni pé òun náà ò ka nǹkan mìíràn síbẹ̀ ju okùn lọ. Bó ṣe ti ìdí okùn dìde ló gba fóònù, kò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Òun, obìnrin tó kàwé tó yìí, tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kàwé! Ó bínú sí ara rẹ̀, ó bínú sí ọ̀gá rẹ̀, ó sì tún gun ọ̀kadà padà sí gbọ̀ngàn.

Roqeeb ló ń so okùn, tó sì ń tọ́jú gbogbo ohun èlò orí pèpéle. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbá orí mú.

"Ẹ̀dúnàbọ̀n ni mo sùn, mà, ìyá mi ò gbádùn," ló wí. "Ọkọ̀ tó gbé mi bọ̀ bà jẹ́ lọ́nà. Àràárọ̀ ni mo máa ń yẹ okùn yẹn wò. Ìgbà tí mo fi máa wọlé lónìí, Ìkẹ́olúwa ti wà lókè."

"Ìwọ lo gé aṣọ búlúù yìí?"

"Rárá o. Mo rò pé Àǹtí Mojíre ló gé e."

Lágúnjú tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gé e, wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀ dáadáa, maṣíìnì ló sì rán an. Ó béèrè ẹni tó ń ránṣọ fún wọn. Roqeeb ní Àǹtí Sùmáyà ni, ní Ìrẹmọ.

Ìdí maṣíìnì ni wọ́n ti bá Sùmáyà. Kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni já bọ́, nítorí náà, ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Hẹn-ẹn, òkun! Bọ̀dá Sọjí ló gbé e wá lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó na fóònù sí mi pé kí n wò ó, Àǹtí Mojíre ló ní ká gé e sí méjì. Èmi kọ́kọ́ kà á sí okùn. Mo ní, 'Okùn wo nìyẹn, Bọ̀dá?' Ó ní, 'Òkun ni, aṣọ yìí.' Mo rẹ́rìn-ín títí. Àfi bó ṣe tún gba fóònù rẹ̀ tó ń wò ó. Ó kàn dákẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi ránṣọ tán."

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni Lágúnjú kó gbogbo wọn jọ sí yàrá DPO. Mojíre jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Adésọjí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ní kíláàsì tóun fẹ́ lọ kọ́.

"Kò ní pẹ́," ni Lágúnjú wí. "Ọ̀gbẹ́ni Adésọjí, nígbà tí ẹ rí iṣẹ́ tí Mojíre fi ráńṣẹ́ lánàá, okùn lẹ kà á sí?"

"Okùn ni, mà. Mo ti sọ ọ́ sínú sítétímẹ́ǹtì mi."

"Kò wá sí yín lọ́kàn rárá pé aṣọ ni wọ́n ń sọ?"

"Kò wá sí mi lọ́kàn."

"Ta ló wá gbé aṣọ lọ bá Sùmáyà ní Ìrẹmọ, tó ní kó gé òkun sí méjì?"

Adésọjí wo ẹnu ọ̀nà. DPO tó ti ń wo aago gbé ojú kúrò lára ògiri.

"Ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́," ni Lágúnjú wí. "Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ní kó gé okùn sí méjì, tó ṣìwé kà, á gé e sí méjì ni. Kì í gé e dé ìdajì, kó tún wá téèpù wé e. Nítorí náà, kì í ṣe àṣìṣe. Ẹnì kan ló fẹ́ kó jọ àṣẹ Mojíre. Ẹ̀yin mọ̀ pé òkun ló kọ, ẹ tiẹ̀ ti jíṣẹ́ rẹ̀ tinútinú. Sùmáyà ló ṣi ọ̀rọ̀ náà kà níwájú yín, ibẹ̀ lẹ ti rí i pé ẹlòmíràn náà lè ṣì í kà. Láàárọ̀ yìí lẹ wá fi àṣìkà yẹn lé mi lọ́wọ́, mo sì gbà á! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiyín ò tiẹ̀ lo ọjọ́ kan pé."

Adésọjí ṣubú sórí àga. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, igbe ló fi bọnu.

"Èmi ni mo mú ìtàn yẹn wá! Èmi ni mo kà á fún Àǹtí Mojíre! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìparí rẹ̀ ti yí padà. Ó ní Àríádínè ló máa gé okùn, kí Tísíọ́sì ṣẹ́kù sínú ilé pẹ̀lú ẹranko. Kí èmi máa pòyì lórí pèpéle bí òmùgọ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi! Mo bẹ̀ yín, Àǹtí, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo ní tí wọ́n bá mú yín, èmi ni wọ́n máa ní kí n parí iṣẹ́ náà. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn ṣèṣe tó báyìí. Mo rò pé ó máa já nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ni mo ń bá jà."

Mojíre yíjú sí i. Ìbínú ti fi ojú rẹ̀ sílẹ̀, nǹkan mìíràn ló kù níbẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé èmi ni mo yí i padà?" ló bi í. "Ìkẹ́olúwa ni. Ẹkún tó o rí lọ́jọ́ Ajé yẹn, ẹkún ayọ̀ ni. Oṣù mẹ́ta ló fi ń bẹ̀ mí. Ó ní, 'Àǹtí, ó ti sú mi kí n máa sùn sílẹ̀ kí ọkùnrin máa fi mí sílẹ̀ lọ.' Ọjọ́ yẹn ni mo fi ọwọ́ sí i pé a ò ní padà sẹ́yìn mọ́. Ọmọ yẹn fẹ́ràn rẹ, Sọjí. Ó ní ìwọ lo kọ́ òun pé ìtàn kì í ṣe òkúta."

Adésọjí fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lágúnjú retí kí inú òun dùn, inú rẹ̀ ò dùn. Ó fi ìbínú pa ìwé rẹ̀ dé.

DPO wú ikọ́. "Ìyáàfin, ẹ má bínú. Ẹ lè máa lọ. Sátidé yẹn ńkọ́?"

"Kò sí Sátidé mọ́. Dókítà ní á tó oṣù mẹ́jọ kó tó lè fi ẹsẹ̀ yẹn fò." Mojíre dìde. "A ó dúró dè é. Òun náà ló máa jó o."

"Oṣù mẹ́jọ?" Adésọjí gbé ojú sókè. Ó gbàgbé ibi tó wà, ohùn olùkọ́ ló fi sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ta ló máa dúró fún oṣù mẹ́jọ?"

"Ìwọ náà ṣáà máa dúró," ni Mojíre wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀, ó gba ọ̀nà ọsibítù lọ.