Jíà Ọkọ̀ Oníbúrẹ́dì

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Oníjíà kọ́kọ́ rí. Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan ló dùbúlẹ̀ sí, tí ọ́ìlì ń kán sí i lọ́rùn, nígbà tí ọkọ̀ kékeré àtijọ́ kan wọ ọgbà, tó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà létí. Obìnrin tó wà á ṣílẹ̀kùn kó tó pa iná ọkọ̀, ibẹ̀ ni Oníjíà ti rí i bó ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì: jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Látìgbà tó ti ń tún jíà ọkọ̀ ṣe, kò tíì rí ẹsẹ̀ tó ṣàánú irin tó bẹ́ẹ̀.

Ó yọ jáde. Ìyẹ̀fun wà lójú obìnrin náà lápá kan, apá kejì mọ́ tónítóní.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Kí ló ń ṣe é?"

"Jíà kejì kì í fẹ́ wọlé. Ìkẹta máa ń wọlé ní tiẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ tá á fi fò jáde. Orúnkún ni mo fi ń dì í mú."

"Orúnkún?"

"Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá. Búrẹ́dì ni mo fi ń gbé, ọkọ̀ bàbá mi tó ti kú ni. Ẹ sáà sọ fún mi: ká tún jíà yìí ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?"

Iṣẹ́ Oníjíà kò ju ìyẹn lọ. Ó ní irin gígùn kan tó máa ń fi orí rẹ̀ kan jíà, á gbé ìdí rẹ̀ sétí, ohun tó ń ṣe irin lábẹ́nú á sì yé e. Ó gbé irin sétí lọ́jọ́ náà, kò gbọ́ nǹkan kan ju bí obìnrin náà ṣe ń mí lókè orí rẹ̀.

"Ẹ padà wá lọ́la," ló sọ. "Kò tíì yé mi."

Nígbà tó dọ̀la, kò yé e. Nígbà tó di ọ̀túnla, kò yé e. Tí Oníbúrẹ́dì bá ti pín búrẹ́dì tán láàárọ̀, á yà, á na ìdí búrẹ́dì gbígbóná kan sí i.

"Èyí tó jóná ni o. Ẹ má rò pé mò ń kẹ́ yín."

"Lójoojúmọ́ ló ń jóná?"

"Ààrò wa ò gbọ́ràn. Ó jọ yín."

Ẹ̀rín á pa Oníjíà, àmọ́ tí obìnrin náà bá ti lọ, orí rẹ̀ á dàrú. Tó bá ní kí wọ́n pààrọ̀ jíà, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, obìnrin náà á sì bá tiẹ̀ lọ. Tó bá ní kí wọ́n tún un ṣe, á máa wá. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n máa lọ ra jíà mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni tó ń ta sípéà ní òdìkejì títì, ẹni tó ta jíà fún Oníjíà nígbà kan, tó da èérún pákó sínú rẹ̀ kó má baà ké. Látọjọ́ náà, Oníjíà kì í kí i. Kò ní kí i láéláé. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló fẹ́ fi Oníbúrẹ́dì ṣaya, ìyá obìnrin náà sì fọwọ́ sí i. Tí òun bá wá ní "ẹ tún un ṣe," ṣé òótọ́ ni òun sọ ni, àbí ìkùnsínú, àbí ìfẹ́? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so kọ́ra bí wáyà ọkọ̀ tí eku wọ̀.

Ìgbà tó yá, ìyá náà fúnra rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ wá.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé jíà lò ń tún ṣe ni, àbí ọmọ mi?"

Ìtìjú bo Oníjíà. "Mà, ẹ lọ ra òmíràn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀."

Ìyá yíjú padà, ó ń lọ. Oníbúrẹ́dì ò kúrò.

"Tó bá jẹ́ ọkọ̀ bàbá yín ni ńkọ́?"

"Màá tún un ṣe."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi?"

"Torí mi ò mọ ibi tí èrò náà ti ń wá. Bóyá etí mi ló gbọ́ ọ. Bóyá inú tí mò ń bí sí ọkùnrin yẹn ni. Bóyá..." Ó mú sípánà kan tí kò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. "Bóyá ìwọ ni."

Obìnrin náà nawọ́ sí ọkọ̀. "Tú u nígbà náà. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni."

Wọ́n tú u. Eyín jíà pé, kò sí ọ̀kan tó kán. Àwọn òrùka báráàsì tó máa ń mú kí jíà wọlé jẹ́jẹ́ ló ti jẹ tán, béárìn kan tí ọ̀pá jíà ń yí lórí rẹ̀ sì ti ń mì. Títúnṣe ló yẹ ẹ́ lóòótọ́. Inú Oníjíà dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, torí gbogbo òrùka tuntun tó ń fi sí i, ọ̀nà ilé ló ń là fún obìnrin náà. Bó ṣe ń to irin ló ń rò ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀, ìyá wá, ọ̀gbẹ́ni sípéà náà tẹ̀ lé e nínú bàtà funfun. Oníbúrẹ́dì wọnú ọkọ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì jẹ́jẹ́, ó ki jíà kìíní bọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn.

Ó ki ìkejì bọ̀ ọ́, ó tún fi ẹ̀yìn rìn, ó wọnú ṣọ́ọ̀bù padà, ó gbá dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì dúdú ṣubú. Ọ́ìlì ṣàn lọ bá bàtà funfun.

"Mo sọ ọ́!" ni ọ̀gbẹ́ni sípéà ń pariwo, tó ń fò sókè. "Kò mọ nǹkan kan! Ẹ pààrọ̀ rẹ̀!"

Oníjíà ti mọ ohun tóun ṣe. Àwo eléyín ńlá tó ń yí táyà, òdìkejì ló gbé e sí. Ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀.

"Mà, jíà dáa. Orí mi ni ò dáa. Bí mo ṣe ń tò ó, mò ń rò pé tí ọkọ̀ yìí bá ti lọ síwájú báyìí, kò ní padà wá mọ́. Ọwọ́ mi gbọ́ ohun tí ọkàn mi ń sọ, ó sì tò ó bẹ́ẹ̀."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sídìí sítíárìn, tó ń fi ọwọ́ ìyẹ̀fun nu omijé àti ẹ̀rín pọ̀. Ó wo bàtà funfun. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà.

"Tú u, tún un tò," ló sọ. "Tó bá ti lọ síwájú, ìwọ náà bá a wá sílé. Mi ò fẹ́ ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn, mi ò sì fẹ́ àna tó ń fẹ̀yìn rìn."

Ó tò ó. Oníbúrẹ́dì wakọ̀, Oníjíà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jáde sí títì. Jíà kejì wọlé wẹ́rẹ́, kò ké. Nígbà tí ìkẹta wọlé, orúnkún obìnrin náà gbéra láti lọ dì í mú bó ti mọ́ ọn lára, àmọ́ ọwọ́ Oníjíà ti wà níbẹ̀ lórí ọwọ́ rẹ̀.

"Kò ní fò jáde mọ́," ló sọ.

"Mo mọ̀. Má gbé ọwọ́ ẹ kúrò."