Onígbàjámọ̀ Tó Mú Àbúrò Rẹ̀ Lọ Jayé

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì fi í sínú àpò. Ìtàn onígbàjámọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kò sì gùn.

Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí pé bí ó bá ń fá irùngbọ̀n èèyàn, oorun ni yóò gbé onítọ̀hún lọ lórí àga. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi: jígí gígùn kan lára ògiri, àga méjì níwájú rẹ̀, àwo omi, ìgò sípíríìtì àti páálí abẹ. Òun ń ṣiṣẹ́ nídìí àga kìíní, àbúrò rẹ̀ wà nídìí èkejì.

Ìyá kan náà ló bí wọn. Nígbà tí ìyá yìí ń kú lọ, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mú, ó ní, "Mo fi àbúrò rẹ lé ọ lọ́wọ́. Má jẹ́ kó ṣìnà." Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ sunkún, ó ṣèlérí, ó mú àbúrò sọ́dọ̀, ó sì kọ́ ọ níṣẹ́.

Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú: orí kan, abẹ kan. Bí wọ́n bá ti fá oníbàárà kan tán, wọn yóò ṣẹ́ abẹ náà sí méjì lójú rẹ̀, wọn yóò jù ú sínú agolo. Nítorí èyí, ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ láti gbé ọrùn wọn sílẹ̀ fún wọn.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé tí lọ́fínńdà ara rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ tutù, ẹ̀rín kò sì jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Òórùn-Dídùn ni wọ́n máa ń pè é. Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulu. Bó bá jẹ́ pé ó máa ń wú ni, bóyá Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ ì bá ti sá.

Bí wọ́n ti ń fá a lọ́wọ́, ó ń wo Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ nínú jígí. Ó ní, "Irú ọmọkùnrin bíi tìẹ, ṣé inú irun lo fẹ́ kú sí ni? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń wáyé. Ohun tí ara bá ń fẹ́, fún un. Ẹni tó bá ń fi nǹkan du ara ẹ̀, ọ̀tá ara ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ lára. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó tẹ̀ lé Òórùn-Dídùn lọ sí ilé ijó pé òun kàn fẹ́ wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Nígbà tó tún lọ, ó tọ́ ọtí wò. Kò pẹ́ tí ó fi mọ orúkọ gbogbo obìnrin tó ń bẹ níbẹ̀, tí ó sì gbàgbé ọjọ́ tí òun gbàdúrà kẹ́yìn.

Aránbàtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́ pípẹ́, onígbàgbọ́ sì ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé ìṣó ló sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ń kan bàtà. Lọ́jọ́ kan ó tu ìṣó náà sọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀rẹ́, àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Jésù ń pè ẹ́. Padà."

Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín. "Dá ìṣó ẹ padà sẹ́nu, jọ̀ọ́. Tí mo bá darúgbó tí eyín mi yọ tán, èmi náà á wá bá yín kọrin."

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ba ìgbádùn rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ni ojú àbúrò rẹ̀. Àbúrò kì í bá a wí. Á kàn kí i láàárọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá mi," á sì bu omi fún un láti fi bọ́jú. Ojú tí kò mọ ìwà ibi kankan yìí ń gún un bí ẹ̀gún. Ó wá rí i pé ọ̀nà méjì péré ló kù: kí òun padà, tàbí kí òun mú àbúrò dání. Ó yàn láti mú un dání.

"Wá ká jọ jáde," ló sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Màmá ò ní fẹ́ ẹ, bọ̀ọ̀dá mi."

"Màmá ti kú. Èmi ni màmá ẹ báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan là ń wáyé."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà tètè ju olùkọ́ lọ. Kí ọdún tó yí, ọtí tí àbúrò ń mu ti pọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín rẹ̀ ti di ariwo, kò sì rántí bu omi fún ẹnikẹ́ni mọ́ láàárọ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rù ba Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́. Ara tù ú ni.

Ọjọ́ Sátidé ni oníbàárà máa ń pọ̀ jù, ọjọ́ náà sì ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò máa ń kánjú jáde jù. Báyìí ni òfin ṣọ́ọ̀bù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti dí, Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ á nu abẹ mọ́ aṣọ, á sì tún fi fá ẹlòmíràn. Nígbà tí àbúrò bi í léèrè, ó ní, "Ta ló ń wò ẹ́?"

Ní Sátidé kan, àbúrò fá irùngbọ̀n bàbá kan tí eéwo wà lọ́rùn rẹ̀. Bí bàbá náà ṣe ń jáde, Òórùn-Dídùn ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Àbúrò kò fẹ́ fi irùngbọ̀n lọ sí ilé ijó. Abẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló nù mọ́ aṣọ, tó sì fi fá àgbọ̀n ara rẹ̀ wéréwéré. Abẹ gé e díẹ̀. Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ ń wò ó nínú jígí, ó sì rí gbogbo rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, nítorí pé òun náà ń kánjú.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ojú ibẹ̀ pọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú bo ojú, ọrùn ti le, itọ́ ara rẹ̀ kò ṣe é gbé mì mọ́. Ní ilé ìwòsàn, dókítà tẹ ọrùn náà wò, ó mi orí. "Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀," ni ó wí. "A máa sapá. Ẹ̀yin náà, ẹ máa gbàdúrà."

Àìsàn náà mú kí àbúrò máa ṣe ìrànrán, Òórùn-Dídùn ló sì ń pè. Ni Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ bá sáré lọ bá ọkùnrin náà nílé. Ó bá a níwájú jígí, ó ń fín lọ́fínńdà sọ́rùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ilé ìwòsàn. Orúkọ yín ló ń pè."

"Èmi? Òórùn ibẹ̀ ò bá mi lára mu. Tí ara ẹ̀ bá ti yá, ẹ jọ máa bọ̀."

"Tí kò bá wá yá ńkọ́? Ṣebí ọ̀rẹ́ ni wá?"

"Ọ̀rẹ́ ìgbádùn ni wá," ni Òórùn-Dídùn wí, láìwẹ̀yìn. "Èmi ò bá ẹ ṣàdéhùn ẹkún."

Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ nìkan padà sí ilé ìwòsàn. Ó bá aránbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí àbúrò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é.

Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri. "Èmi ni mo pa á," ló wí. "Mo rí abẹ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, mo dákẹ́. Kì í sì í ṣe ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á."

Aránbàtà fún aṣọ náà sínú abọ́. "Mi ò ní tàn ẹ́, ọ̀rẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó sì tóbi." Ó tún fi aṣọ náà lé iwájú orí aláìsàn. "Àmọ́ torí ẹni tó bá ní irú ẹ̀ lọ́rùn ni Jésù ṣe kú."

"Èmi tí mo ba ọmọ ìyá mi jẹ́?"

"Ìwọ gan-an."

Ní ọ̀sán gangan yẹn, Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ kúnlẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjì. Àwọn aláìsàn ń wò ó, nọ́ọ̀sì tó gbé oògùn ń bọ̀ sì rọra yà fún un. "Olúwa," ló wí, "mi ò ní àwíjàre. Ìgbádùn ni mo fi ṣe ọlọ́run mi, mo sì fi àbúrò mi bọ ọ́. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Ọlọ́run gbọ́ ọ. Àlàáfíà wọ inú ọkàn rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹkún kò tíì kúrò níbẹ̀.

Wàá rò pé ìtàn yìí á parí sí ayọ̀. Ì bá wu èmi náà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ara àbúrò yá, àpá nìkan ló kù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ọjọ́ tó padà délé, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún un, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ máa tẹ̀ lé Jésù.

"Ẹ dìde, bọ̀ọ̀dá mi," ni àbúrò wí. "Mo dárí jì yín. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ fi ọ̀nà yìí hàn mí, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n máa rìn ín lọ." Ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó sì jáde lọ bá Òórùn-Dídùn nínú ọkọ̀.

Títí di òní, bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Ọwọ́-Ẹ̀lẹ́ á ti ṣọ́ọ̀bù, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ijó, á sì máa pe orúkọ àbúrò rẹ̀. Nígbà mìíràn àbúrò á kí i. Nígbà mìíràn á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kì í mutí, o kò sì mọ ọ̀nà ilé ijó. Ohùn dídùn ta ló ń wọ̀ ọ́ létí lásìkò yìí? Ta sì ni ìwọ náà fà lọ́wọ́ dání? Ọmọ rẹ ni, tàbí ìyàwó, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́?

O ní wàá yí padà lọ́la. Jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé wàá rí ọ̀la. Ẹni tí o ń ṣì lọ́nà ò ní dúró dè ọ́. Jésù ṣe tán láti dárí jì ọ́ ní ìṣẹ́jú yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tó fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, bó ti wù kó tóbi tó. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ òtítọ́ fún un. Bí o bá sì ti dìde, tètè lọ wá ẹni náà, kó tó rìn kọjá ibi tí ohùn rẹ lè dé.