"Kò Burú" Ọ̀gbẹ́ni Ormerod

"Ẹ wo àga yìí dáadáa," ni Ìyáàfin Halsall wí, ó sì gbé àga onígi kan sí àárín yàrá. "Bí arúgbó bá ní òun lè dìde lórí ẹ̀, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ ní kó dìde, kí ẹ máa wò ó."

Àwọn mẹ́fà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìmọ̀ràn tó wà lẹ́yìn ọjà ẹja ní Fleetwood, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rẹ́rìn-ín. Tamsin Rigby, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló kéré jù nínú wọn. Bí ìjọba bá kọ̀wé sí aláìsàn pé owó ìrànwọ́ rẹ̀ ti dúró, iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ni bí wọn yóò ṣe bá a kọ èsì, tí wọn yóò sì bá a dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

"Àwa ará ibí," ni Ìyáàfin Halsall ń wí, "bí òrùlé bá ń jó lórí wa, tí ẹnìkan bèèrè àlàáfíà wa, 'kò burú' la máa wí. Ohun tí ẹni tí ìjọba rán wá máa kọ sílẹ̀ náà nìyẹn. Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dé ilé wọn nìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó na fáìlì kan sí Tamsin. Ọ̀gbẹ́ni Wilf Ormerod ló ni ín, bàbá kan tó ti fi ogójì ọdún gé ẹja ní èbúté. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́. Ìjọba fún un ní ọkọ̀ kékeré kan nítorí àìlera yìí, ọkọ̀ náà ló sì ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Edna ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́, ní ilé ìtọ́jú àgbà tó wà ní ìlú kejì. Edna ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé Wilf, torí kò sí ọjọ́ tí kì í rí i. Lẹ́tà ti wá dé báyìí pé ara bàbá le, kò yẹ fún ìrànwọ́ mọ́. Bí wọn ò bá yí ìpinnu yẹn padà, ọkọ̀ á lọ.

"Oṣù kan ni wọ́n fún wa láti fèsì," Ìyáàfin Halsall wí. "Ó pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ sílé ẹ̀ lọ́la, kí o kọ ohun tí o bá fojú rẹ rí."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Tamsin ti wọ bàtà tán nígbà tí Kirsty, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló ń lọ sí Blackpool lọ wo iná aláràbarà tí wọ́n máa ń tàn sí etíkun.

"Ìwọ àti àwọn arúgbó ẹ yìí," Kirsty wí. "Ṣé wọ́n fi ẹ́ joyè ìyá àgbà ni? Pe bàbá yẹn lórí fóònù, ó parí. Ta ló máa mọ̀?"

Tamsin rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, kò rò ó pẹ́. Ó pe bàbá náà níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀.

"Báwo ni orúnkún yín, sà?"

"Kò burú, ọmọ mi. Mi ò lè ráhùn."

"Ṣé ẹ ṣì ń rìn dé ilé búrẹ́dì tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò?"

"Mo máa ń débẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà."

"Mo ti gbé omi tíì kaná," bàbá náà wí. "Mo rò pé o ń bọ̀."

"Iṣẹ́ ilé ìwé ló pọ̀, sà." Kirsty fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè ni Tamsin kọ ìwé náà. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé orúnkún ń dun bàbá gan-an, àti pé ó ń rìn dé ilé búrẹ́dì. Ó wá kan ìbéèrè kan: ṣé ó máa ń sinmi lọ́nà? Kò bi bàbá ní ìyẹn. Wọn ò sì gba ìwé tó ní àlàfo. Ó fàmì sí "rárá." Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé "Mo dé ilé rẹ̀, mo sì fojú mi rí i," ó fọwọ́ sí i.

"Ṣé o débẹ̀?" Ìyáàfin Halsall bi í lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èèyàn mọ́kànlá ló ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo débẹ̀, mà."

Ìyá náà yẹ ìwé wò wàràwàrà, ó sì fi ránṣẹ́.

Ìjọba ò yí ìpinnu padà. Wọ́n wá gbé ọkọ̀ lọ kí Kérésìmesì tó dé. Ìyáàfin Halsall gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀, ó sì di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó pè wọ́n. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni bàbá ń rí Edna, bí aládùúgbò kan bá ráyè gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Tamsin jókòó sẹ́yìn. Bàbá wọ aṣọ tó fi ṣègbéyàwó. Adájọ́ obìnrin tó ṣaájú ìgbìmọ̀ náà ṣí ìwé, ó sì bọ̀wọ̀ fún bàbá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Ormerod, olùdámọ̀ràn tó wá sílé yín kọ ọ́ síbí pé ẹ ń rìn dé ilé búrẹ́dì láìsinmi. Ó ní òun fojú òun rí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bàbá wo ìwé náà títí, ó wá yíjú wo ọmọbìnrin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń jókòó sinmi kó tó dé ilé búrẹ́dì yẹn, lórí ògiri kúkúrú ilé onílé. Àwọn méjèèjì ló sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Bí ọmọ yẹn bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," bàbá wí, "bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọmọ dáadáa ni. Mi ò fẹ́ kó kó sí wàhálà."

Ìyáàfin Halsall gbìyànjú láti dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tẹnu ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ jáde. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà kí ó tó di ọ̀sán.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Tamsin ti jẹ́wọ́. Ẹkún ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ bá mi padà wọlé, mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ òótọ́ fún wọn."

"Ó ti parí níbí," Ìyáàfin Halsall wí. Kò pariwo mọ́ ọn, ìyẹn gan-an ló dun Tamsin jù. "Àfi bí ìgbìmọ̀ bá ṣi òfin lò ni a fi lè gbé e lọ sókè. Wọn ò ṣi òfin lò. Àwa la kó irọ́ fún wọn. Èmi náà ò ka ìwé ẹ bó ṣe yẹ. A ó tún ìwé mìíràn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ kejì, Tamsin lọ sílé bàbá náà. Ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní kó jókòó, òun ń lọ po tíì. Ó gbá tábìlì mú kó tó lè dìde, ó fara ti ògiri dé ilé ìdáná, ó sì jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí omi tó hó. Ìdajì ife ló gbé dé, ìyókù ti dà sílẹ̀ lọ́nà. Tamsin kọ gbogbo rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ilé bàbá yìí ò sì jìnnà rárá.

Oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ìjọba tó gbà, tí wọ́n sì gbé ọkọ̀ mìíràn wá. Bàbá ní kí Tamsin bá òun lọ kí Edna. Ó gé irùngbọ̀n, ó ra òdòdó.

Edna jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó wo bàbá láti òkè dé ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Òdòdó yìí mà dáa o," ó wí. "Ta lẹ wá wò níbí, sà?"

"Ìwọ ni, Edna."

"Ẹ ṣeun. Ọkọ mi ò ní pẹ́ dé. Ó máa ń wá lójoojúmọ́."

Bàbá jókòó tì í fún wákàtí kan, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tí wọ́n padà wọ ọkọ̀, kò tètè ṣáná sí i.

"Ṣé kò sí nǹkan, sà?" Tamsin bi í.

"Kò burú, ọmọ mi," bàbá wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, Tamsin wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí. Ó gbá ọwọ́ náà mú, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí.

Tamsin ti di olùdámọ̀ràn gidi lónìí, òun náà sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ láìkọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún un, bójú tilẹ̀ ń tì í. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá fi ọ̀ràn ẹnìkan lé yín lọ́wọ́, ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ sí ohun tí ojú yín ò rí. Ìjọba lè dá ọkọ̀ padà. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè dá àwọn ọjọ́ tí Edna fi ń retí ọkọ rẹ̀ padà.