Apá Aṣọ Tó Wọ́

"Tí Màmá bá bi ọ́ léèrè ńkọ́?"

"Màá ní kò sí nǹkan kan."

"Tí wọ́n bá tún bi ọ́ ńkọ́?"

"Màá ní mo ti sọ pé kò sí nǹkan kan."

Báyìí ni Gólì, aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé rẹ̀, ṣe ń kọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní irọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti pápá. Ilé ni màmá wọn ní kó jókòó sí, kó kàwé ìdánwò, kó sì máa tọ́jú ọmọ náà. Wọ́n ti kìlọ̀ pé bí ó bá tún dé pápá, kò ní bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé rìnrìn àjò tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Ó gbé ọmọ sórí ògiri ẹ̀yìn pápá pé kó máa wòran. Bọ́ọ̀lù kan fò wá, ọmọ nawọ́ sí i, ló bá ré bọ́, ó sì fi ọwọ́ òsì balẹ̀. Gólì tí bọ́ọ̀lù kì í bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò rí àbúrò tirẹ̀ gbá mú.

Ọwọ́ náà kò ṣẹ̀jẹ̀, egungun kankan kò yọ síta, ó kàn wú ni. Gólì fi ìyẹn tan ara rẹ̀.

Rédíò ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, torí kò sí ohun tó ṣojú rẹ̀ tí kì í gbé sáfẹ́fẹ́. Bí aládùúgbò bá jó ìkòkò, òun ló máa kọ́kọ́ ròyìn. Lọ́tẹ̀ yìí, Rédíò kú fin-ín. Àràárọ̀ ni Gólì ń wẹ̀ fún un, tó ń wọ súẹ́tà fún un, tó sì ń fún un ní oògùn ara ríro kí màmá wọn tó jí. Bó bá gbọ́ tí ọmọ náà ń sunkún sínú ìrọ̀rí, á kàn fi aṣọ bo etí ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, wíwú náà lọ, ìrora rọlẹ̀, Rédíò sì tún ń fi ọwọ́ náà gbé bèbí ìṣeré rẹ̀. "Ó ti san," ni Gólì sọ fún ara rẹ̀. Ó rí i pé ọwọ́ náà tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti rí i ló máa ń yára gbé ojú kúrò.

Ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la kí ẹgbẹ́ gbéra ni màmá wọn pe Rédíò kó wá wọ aṣọ tuntun wò. Aránṣọ ni wọ́n, ojú wọn kì í fo ohun tó bá wọ́. Apá aṣọ ti ọ̀tún balẹ̀ dáadáa. Ti òsì ká sókè, ó sì yí. Wọ́n bọ́ aṣọ náà, wọ́n fi apá aṣọ méjèèjì wé ara wọn, wọ́n dọ́gba. Wọ́n tún wọ̀ ọ́ fún un, ó tún yí.

"Ẹ gbà mí o, ojú mi ti ń dàgbà," ni wọ́n wí. "Aṣọ ọmọ tèmi náà ni mo wá gé wọ́ báyìí?"

Wọ́n mú abẹ fẹ́lẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú apá aṣọ náà. Rédíò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báàgì ìrìn àjò Gólì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá lè panu mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ó ń wo bí òwú ṣe ń já.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u mọ́. Kì í ṣe aṣọ ló wọ́."

"Kí ló wá wọ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni. Èmi ni mo fà á."

Wọ́n fọwọ́ kan ọwọ́ ọmọ náà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Wọn kò pariwo, ìyẹn ló sì ba Gólì lẹ́rù jù.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà egungun gbé àwòrán X-ray tí wọ́n yà fún ọwọ́ náà síwájú iná.

"Egungun kì í ṣẹ́ lọ́nà kan ṣoṣo, Màmá," ni dókítà obìnrin náà wí. "Òmíràn á kàn sán, òmíràn á dá sí méjì, òmíràn á rún, òmíràn á tiẹ̀ gún awọ yọ síta. Ti ọmọdé ṣì rọ̀. Tirẹ̀ yìí ṣẹ́ bí ẹ̀ka igi tútù: ẹ̀gbẹ́ kan là, ìkejì kàn tẹ̀."

"Ṣùgbọ́n kò dùn ún mọ́, mà," ni Gólì sọ.

"Ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tó ṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ti dì yí i ká. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan rírọ̀ bíi kérékéré etí á so ó pọ̀, á sì máa le títí á fi di egungun. Kì í béèrè bóyá ó tọ́ tàbí ó wọ́. Ó ti ń jinná ní wíwọ́. A máa fi oògùn kùn ún lóorun, a ó tún un ṣẹ́, a ó tò ó, a ó sì fi sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n ń pè ní P.O.P. dì í."

"Ẹ tún fẹ́ ṣẹ́ ẹ?" Gólì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ṣé á tọ́?" ni màmá wọn béèrè.

"Ó ṣì rọ̀ díẹ̀, mo rò pé á tọ́. Ká ní ẹ tún pẹ́ sí i ni, iṣẹ́ abẹ ni ì bá gbà."

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé gbéra láìsí Gólì. Ẹnu ọ̀nà yàrá ibi tí wọ́n gbé ọmọ wọ̀ ló dúró sí, kò lè jókòó, kò lè mu omi. Nígbà tí wọ́n gbé Rédíò jáde, ọwọ́ rẹ̀ ti funfun fún P.O.P., ojú rẹ̀ sì ṣì wúwo. Dókítà ní ó ti bọ́ sípò.

"Bọ̀dá," ni ọmọ náà rọra wí, "ṣé mo lè sọ ọ́ báyìí?"

"Sọ ọ́. Dákun, sọ ọ́."

Rédíò kọjú sí màmá wọn. "Màmá, ọwọ́ mi dùn mí gan-an. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."

Gólì kò gbé ojú kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Ó wá yé e pé àṣìṣe tí òun ń fi pa mọ́ kò fìgbà kan dúró jẹ́ẹ́. Ńṣe ló ń gan sí wíwọ́ lójoojúmọ́, àbúrò òun ló sì ń bá òun jẹ ìrora rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣẹ́ ló yẹ kí òun ti sọ ọ́.