Ọkọ̀ Tí Ń Gun Yìnyín

Ewé ìpín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ìka Mojọlá tán, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ó fi orúnkún méjèèjì di igi àràbà tó ti gbẹ́ di ọkọ̀ ojú omi mú, ó ń fi ewé náà ha imú rẹ̀ títí ó fi mú bí ojú àdá. Ọyẹ́ ń gbá eruku Ṣakí wọlé láti ojú fèrèsé kíláàsì. Kò gbójú sókè.

"Ìwọ náà sinmi," ni Ìyápọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí. "Àbí o fẹ́ fi fá orí ọ̀gá ni?"

"Imú tí kò bá mú, ṣé yóò gé yìnyín?"

Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan ní ilé ìkàwé wọn ni Mojọlá ti rí àwòrán irú ọkọ̀ yìí. Ìran ọkọ̀ kan ni, tí wọ́n kàn fún òkun ìhà àríwá, níbi tí òtútù ti ń sọ ojú omi di òkúta. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ọkọ̀ mìíràn là. Wọ́n ń fa èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, wọ́n ń paná tó ń jó lórí omi, wọ́n ń fa omi kúrò nínú èyí tó ń rì, wọ́n sì ń gbé òmùwẹ̀ lọ síbi tí wàhálà bá wà. Irin ara wọn nípọn níbi tí yìnyín ti ń gbá wọn. Kò sí ohun kan lára wọn tó wà fún ọ̀ṣọ́ lásán. Mojọlá kò rí òkun rí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ọ̀gbẹ́ni Mákindé, olùkọ́ iṣẹ́ irin àti igi, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ nígbà tí Mojọlá bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ wọ kíláàsì rẹ̀.

"Obìnrin kan kò wọ ibẹ̀ rí. Bí ọkọ̀ rẹ bá fọ́ yìnyín lójú gbogbo wa lọ́jọ́ ìpàtẹ iṣẹ́, wàá wọlé. Bí kò bá fọ́ ọ, kíláàsì ìránṣọ ń dúró dè ọ́."

Ta ni yóò rí yìnyín tó tó bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ògùn lọ́dún 1983? Mojọlá yọ́ òrí, ó dà á sójú omi nínú báàfù ńlá, ó dá apá kan omi náà sí láìbò fún ọkọ̀. Òtútù ọyẹ́ mú òrí náà dì. Ó gbé kèrègbè kékeré kan sáàárín rẹ̀, pé ọkọ̀ tí yìnyín há mọ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, òun àti Ìyápọ̀ dán an wò. Wọ́n so òwú mọ́ ọkọ̀ náà, wọ́n sì so òkúta mọ́ òpin òwú náà kí ó máa rọ̀ láti etí báàfù, kí ó sì máa fà á. Ọkọ̀ sáré, ó kan òrí, imú rẹ̀ wọlé ṣinṣin bí ọ̀bẹ nínú iṣu tútù. Kò lọ mọ́.

"Ó bùṣe," ni Ìyápọ̀ wí. Ó na ọ̀bẹ sí i. "Yára la ọ̀nà sínú òrí yẹn, kí o fi ìka pa ojú rẹ̀ dé. Àwọn tó ń bọ̀ kò rí òkun tó dì rí. Ta ni yóò mọ̀?"

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún..."

"Òwe nìyẹn. Ìpàtẹ ló ti dé yìí."

Mojọlá wo ọkọ̀ rẹ̀ tó fi ọ̀dà pupa kùn, tó ń dán. Ó ronú kan kíláàsì ìránṣọ. Ó gba ọ̀bẹ. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ òrí kí ó lè rí ibi gé dáadáa, òrí náà sì là lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: pàù!

Ó dúró. Ó tún ibòmíràn tẹ̀. Ó là.

"Ọkọ̀ inú ìwé yẹn kì í gé yìnyín," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó ń gùn ún ni! Ìwúwo rẹ̀ ló ń fọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí imú rẹ̀ nínú àwòrán fi dà sẹ́yìn nísàlẹ̀ bí ìdí ṣíbí. Mo rò pé ẹni tó yà á ló ṣì í yà."

Ó kọjú ọ̀bẹ sí ọkọ̀, ó ń gé imú ẹlẹ́wà náà dànù.

"Yéè! O ti sọ ọ́ di imú ẹlẹ́dẹ̀!"

"Lọ dáná wá. A ó tún òrí yọ́."

Kí òrí tó tún dì, wọ́n ti pe orúkọ Mojọlá kọjá. Ìkẹyìn ni wọ́n fi í sí. Nígbà tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, ọ̀dà ti bó, ìdajì àwọn àlejò sì ti lọ.

"Ṣé ọkọ̀ rèé àbí bàtà?" ni ẹnìkan bi í. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mojọlá ju òkúta sílẹ̀. Ọkọ̀ náà lọ, ó gun orí òrí, ó gbé imú sókè, ó dúró bí ẹni ń mí. Pàù! Òrí là. Ó tún gùn, ó tún fọ́ ọ, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ kèrègbè. Mojọlá so kèrègbè mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì fà á padà gba ọ̀nà tí ọkọ̀ là.

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi Ọ̀gbẹ́ni Mákindé. Ó mú èérún òrí kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fínnífínní.

"Ṣíṣẹ́ ló ṣẹ́, wọn kò gé e," ló wí. "Ká ní mo rí ojú ọ̀bẹ níbí ni, kíláàsì ìránṣọ gan-an kò ní gbà ọ́."

Ìyápọ̀ wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni kí o bẹ̀rẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Mákindé wí fún Mojọlá. "Má pẹ́ o."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá."

Ẹni tó bá fi èrú lànà fún iṣẹ́ rẹ̀ kò ní mọ ohun tí iṣẹ́ náà lè ṣe láé. Kì í ṣe òfò láti gé ohun tó lẹ́wà dànù nígbà tí kò bá wúlò. Òfò ni kí èèyàn máa fi ẹ̀tàn tọ́jú rẹ̀.

Mojọlá kó òrí sínú ìkòkò, ó da omi nù sídìí igi máńgòrò, ó nu báàfù gbẹ. Ó gbé gbogbo ẹrù náà rù, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.