Páńẹ́lì Kẹsàn-án

"Ta ló ní kó o pariwo?"

Àǹtí kò dúró kí n dáhùn. Ó gba síkírínì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè síwájú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti sá jáde láti inú ilé iṣẹ́ ẹja dídì. Wọ́n tó ogójì. Àwọn kan ṣì mú ọ̀bẹ dání.

"Ṣé ẹ rí i? Oòrùn ni. Oòrùn tó ń tàn nínú dígí páńẹ́lì ni ọmọ yìí rí tó fi ń ké pé iná fẹ́ sọ. Ẹ má bínú, ẹ padà síṣẹ́." Ó wá kọjú sí mi. "Ojú ni mo gbà síṣẹ́. N kò gba ẹnu."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láàárín wọn pè mí ní Panápaná, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára kí a tó kó ẹrù wa sínú ọkọ̀ tán.

Àǹtí ni àbúrò bàbá mi. Dróònù ló fi ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà tó wà lábẹ́ dróònù rẹ̀ kì í ya ojú ènìyàn. Ooru ló ń yà. Bí ó bá fò kọjá lórí páńẹ́lì sólà ní ọ̀sán, èyí tó dára yóò hàn ní àwọ̀ búlúù lórí síkírínì. Èyí tó ti bàjẹ́ nínú yóò gbóná ju àwọn yòókù lọ, yóò sì funfun. Àbọ̀ tí Àǹtí bá fọwọ́ sí ni àwọn adójútòfò fi ń mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ kan wà láìléwu iná.

Mo wà ní kíláàsì àṣekágbá nígbà náà. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe láyé mi. Àǹtí ti ṣèlérí pé bí mo bá fi ìsinmi náà ṣiṣẹ́ dáadáa, òun yóò kọ ìwé tí yóò mú mi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn awa-dróònù.

Mo mọ òfin iṣẹ́ náà. Bí ojú kan bá funfun lórí síkírínì, kí a gbé dróònù lọ sí òdìkejì. Bí oòrùn inú dígí bá ni, funfun náà yóò sún. Bí ooru tòótọ́ bá ni, yóò dúró sójú kan. Lọ́jọ́ tí a lọ sí ilé iṣẹ́ ẹja, mo pariwo kí n tó dán an wò. Mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó lè bá mi wí nínú ọkọ̀. Kò pọn dandan kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ogójì ènìyàn.

Ọjọ́ mẹ́fà ni n kò bá a sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Mo ń gbé nílé rẹ̀, mo ń fọ abọ́ tó fi jẹun, ìbínú mi sì wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ iṣẹ́ Àǹtí tó ń wa dróònù, kò jẹ́ kó rọlẹ̀. Ọdún kan péré ló fi jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Panápaná, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti gbóná. Ṣé ká bọ́ sílẹ̀ ká máa sá?"

"Panápaná, tíì mi ń yọ èéfín. Gbà mí o!"

Àǹtí gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín. N kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Ní ọjọ́ keje, a lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ iṣẹ́. Òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, páńẹ́lì sólà sì bò ó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àǹtí bá máníjà wọ ọ́fíìsì. Obìnrin tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ló mú èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gun òkè. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀ tó ogún, ó sì mọ ìkọ̀ọ̀kan wọn láìwò ó.

Ó wo dróònù bó ṣe gbéra. "Ẹyẹ yín yìí, ṣé kì í ṣu?"

"Kì í jẹun, mà," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn. "Kí ni yóò ṣu?"

"Kì í jẹun, ó sì ń ṣiṣẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e lọ han ọkọ mi."

Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo ń wo ohun tó bá rí?"

"Èmi ni, mà."

"Wò ó dáadáa. Ìwé ló kún ìsàlẹ̀ yìí, àwa náà sì wà láàárín rẹ̀."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wa dróònù kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀, nítorí náà èmi nìkan ni mo ń rí síkírínì. Ìlà kìíní dé ìlà kẹfà, búlúù ni gbogbo rẹ̀. Ní ìlà keje, páńẹ́lì kẹsàn-án, ojú kan funfun ní igun. Ẹ̀rọ kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: dígírì mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Èyí tó kù kò ju márùndínlọ́gọ́ta lọ.

"Gbé e lọ sí òdìkejì," mo wí.

"Kí lo rí?"

"Ṣáà gbé e lọ."

Ó gbé e lọ. Funfun náà kò sún. Mo ní kó gbé e padà. Kò sún.

"Panápaná!" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ṣì wà lókè. "Ṣé ká máa sá? Kí n bọ́ bàtà?"

Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì tí a fi ń ya àwòrán ibi tó bá gbóná, kí Àǹtí lè rí i. N kò tẹ̀ ẹ́.

Mo ro ohun tí mò ń ṣe dáadáa. Mo rò ó pé Àǹtí ni yóò fọwọ́ sí àbọ̀ náà. Bó pẹ́ bó yá, oníná ilé iṣẹ́ yẹn yóò rí páńẹ́lì tó bàjẹ́, yóò sì bi Àǹtí lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ṣé kò lójú ni. Èmi yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó máa wò ó. N kò ronú kan iná rárá. Ìtìjú rẹ̀ nìkan ni mo rí, ó sì dùn mọ́ mi.

"Kò sí nǹkan," mo wí. "Máa lọ sí ìlà kẹjọ."

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn òrùlé. "Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, mà."

"Gbogbo ẹ̀?"

Mo wo ojú rẹ̀. "Gbogbo ẹ̀, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn èyí, mò ń kàwé ìdánwò lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ já wọlé. Kò pè mí ní Panápaná.

"Ilé iṣẹ́ ìwé ń jó."

Kí a tó débẹ̀, apá kan òrùlé ti wó, apá ibi tí ìlà keje wà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó bébà jọ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílẹ̀ lójú títì, wọ́n ń wúkọ́. Àwọn ni wọ́n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta há sínú yàrá bébà. Àgádágodo ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, irin rẹ̀ sì ti gbóná. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi ọwọ́ lásán dì í mú títí ó fi ṣí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Awọ ọwọ́ ìyá náà kù sára irin.

Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ adójútòfò pe gbogbo wa jọ sí iwájú ilé iṣẹ́ náà, ó ní kí a kó ẹ̀rọ wa dání. Síkírínì wà lọ́rùn mi. Àbọ̀ tí Àǹtí fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Máníjà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Ojú lẹ fi wò ó àbí ìdí? Ẹ ní kò séwu!"

"Ẹ fara balẹ̀, sà," Àǹtí dáhùn. "Mo wo ohun tí wọ́n mú wá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ooru níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá wà, ọmọ yìí ì bá ti sọ. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó máa ń tètè pariwo. Kì í parọ́."

Bí ó bá bú mi ni, bóyá ǹ bá dákẹ́ títí dòní.

"Ó wà níbẹ̀," mo wí.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ooru. Páńẹ́lì kẹsàn-án, ìlà keje. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òdìkejì, kò sún. N kò ya àwòrán rẹ̀."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí súnmọ́ mi. "Kí ló dé tí o kò yà á?"

"Inú ń bí mi sí yín."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ síkírínì kúrò lọ́rùn mi bí ẹni bọ́ okùn lọ́rùn ẹran, ó sì sọ fún òṣìṣẹ́ adójútòfò náà pé, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

Wọ́n gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì. Kò kọ ìwé kankan fún mi, n kò sì bèèrè.

Àǹtí ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti fi aṣọ funfun di ọwọ́ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì dé ìgúnpá. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò yọ ọ̀kan kúrò.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mo bi ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́. O wo ojú mi."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Dìde. Ìkúnlẹ̀ rẹ kò lè bá mi di bọ́tìnnì aṣọ." Ó yíjú sí Àǹtí. "Ẹ̀yin náà, ọ̀gá. Ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ fi ṣẹ̀sín. Ọmọ dákẹ́, ẹ ń bínú. Èwo lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń jà, èmi ni mo jóná. Ẹ jáde. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ti ara mi."

A jáde.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ìka méjì péré ló ń tẹ̀ lára ọwọ́ ọ̀tún ìyá náà. Kò dárí jì mí. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́fà, n kò sì lè sọ pé ó ṣẹ̀ mí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má bínú. Wọ́n ṣẹ̀ mí lóòótọ́. Ó tọ́ kí n bínú. Ṣùgbọ́n Àǹtí tí mo bínú sí kò pàdánù ju ìwé àṣẹ lọ. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ìjà wa ló fi ọwọ́ rẹ̀ san án. Iná kò mọ ẹni tí à ń bínú sí. Bí o bá rí ewu, sọ ọ́, bí gbogbo ayé tilẹ̀ fẹ́ fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀sín máa ń dunni, ṣùgbọ́n kò jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.