Oyèlékè Tí Ó Ń Dá Òjò Dúró

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ ẹni tí ó jókòó, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò jókòó? Jẹ́ kí n sọ ti Oyèlékè ará Ọ̀yọ́ fún ọ.

Iṣẹ́ Oyèlékè ni kí ó máa bá ènìyàn ṣètò ìnáwó. Bí o bá fẹ́ ṣílé, bí o bá fẹ́ sin òkú àgbà, òun ni yóò wá àga, kánópì, alásè, olórin àti ẹni tí yóò gba àlejò. Ọ̀gá Ètò ni wọ́n ń pè é láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, òun náà ló sì ń pa á lọ.

Ní ọdún 1988 tí mò ń wí yìí, tẹlifóònù kò pọ̀. Bí Oyèlékè bá fẹ́ mọ̀ bóyá alásè ti ra ẹran, àfi kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò ó. Bí ó bá dé ilé alásè, ọkàn rẹ̀ á ti wà lọ́dọ̀ olórin. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ olórin, á tún máa ro ti kánópì tó ya. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Bí Comfort aya rẹ̀ bá gbé oúnjẹ wá, a bu òkèlè méjì, a dìde. Obì ló ń jẹ kí oorun má baà kùn ún, àyà rẹ̀ a sì máa lù kì-kì-kì.

"Bàbá Dára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi díẹ̀," ni Comfort máa ń wí.

"Tí ìnáwó yìí bá ti parí."

Ìnáwó kan kì í sì í parí kí òmíràn má ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí Oyèlékè kò lè sáré lọ wò ni òjò. Ìdí nìyẹn tí ó fi gba ìgbàdí lọ́wọ́ oníṣègùn kan lọ́nà Ìrẹsà. Yóò so ó mọ́dìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìnáwó kí òjò má baà rọ̀. Èèwọ̀ rẹ̀ ni pé omi kò gbọ́dọ̀ kan ara ẹni tó so ó, kò sì gbọ́dọ̀ kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, títí àlejò ìkẹyìn yóò fi relé. Ọdún mọ́kànlá ni Oyèlékè fi ń pa èèwọ̀ yìí mọ́. Yóò gbé omi tútù síwájú ọgọ́rùn-ún àlejò, òun fúnra rẹ̀ kò ní mu ún. Àbí o rí ayé?

Ní Sátidé kan nínú oṣù keje, Alájì Mùílì, oníṣòwò aṣọ kan, ń ṣílé lẹ́bàá Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mátíù, ọ̀rẹ́ Oyèlékè láti kékeré, ló wa lọ́rì tó kó àga. Aládùúrà ni Mátíù, kì í fi Jésù pamọ́. Kí wọ́n tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti rí i pé ètè ọ̀rẹ́ òun gbẹ, ó sì mọ ìdí rẹ̀.

"Lékè, ṣé o so nǹkan yẹn mọ́dìí lónìí?"

"Wa mọ́tò ẹ, jàre."

"Mò ń wà á. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Jésù ní kí gbogbo ẹni tẹ́rù wọ̀ lọ́rùn máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun á fún wọn nísinmi. Kò tíì rẹ̀ ọ́ ni?"

Oyèlékè kọjú sí fèrèsé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ ẹ́. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ó wí.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, kò mọ iye ìgbà tí ó ti sáré yí ilé náà ká. Àga kò tó, ó sáré. Olórin pẹ́, ó sáré. Oòrùn ń mú ganrínganrín, síbẹ̀ ojú ọ̀run ń ṣú bọ̀ lókèèrè. Ó ń wòkè, ó ń wolẹ̀. Lójijì òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alásè.

Mátíù gbé e lọ síbi òjìji lọ́rì, ó gbé ife omi sí i lẹ́nu. Oyèlékè pa eyín pọ̀.

"Òjò á rọ̀," ló rọra wí.

"Kó rọ̀. Ṣé ìwọ lo dá sánmà ni? Lékè, o ń kú lọ. Tó o bá kú báyìí, níbo lò ń lọ?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó rántí Comfort. Ó rántí Olúwadára ọmọ wọn, tí kì í rí bàbá rẹ̀ bá ṣeré. Ó rí i pé òun fẹ́ fi ẹ̀mí ara òun ṣòfò kí agbádá àwọn àlejò má baà tutù. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á. Láti ọdún yìí wá, òun ló ti ń ṣe ọlọ́run ara rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ó bú sẹ́kún. Ó tú ìgbàdí náà kúrò nídìí, ó gba ife lọ́wọ́ Mátíù, ó sì mu omi.

Kò pẹ́ tí òjò fi dé, ó sì rọ̀ gan-an. Àwọn àlejò rọ́ wọ ilé tuntun náà, wọ́n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bá oúnjẹ wọn lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alájì Mùílì fúnra rẹ̀ fi agboòrùn borí wá wò ó.

"Ọ̀gá Ètò, ẹ má da ara yín láàmú. Alihamudulilahi. Ṣebí torí òjò náà la ṣe ń kọ́lé."

Oyèlékè wo àwọn àlejò náà títí. Ohun tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọdún mọ́kànlá dé níkẹyìn, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Nínú lọ́rì náà, òun àti Mátíù tẹrí ba. Ó ní, "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo gbẹ́kẹ̀ lé oògùn, mo gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ ara mi. Dárí jì mí, kó O gbà mí." Olúwa sì gbà á.

N kò ní parọ́ fún ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àyà Oyèlékè tún já. Ṣùgbọ́n ó ti mọ Ẹni tí yóò sọ fún. Ó ṣì ń ṣètò ìnáwó di òní. Ó ń rán ènìyàn níṣẹ́, ó ń jókòó jẹun, ó sì ń sùn.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò so nǹkan kan mọ́dìí, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo gbé gbogbo ayé rẹ lérí. O ń wí pé, bí ọmọ bá jáde ìwé, bí ọjà bá tà, ìgbà náà ni n óò ronú ti Ọlọ́run. Ta ló ṣèlérí ìgbà náà fún ọ? Jésù ti kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, Ó sì jíǹde. Má ká ìwé yìí sápò. Sọ fún Un pé ó ti rẹ̀ ọ́, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, fi ọkàn rẹ fún Un. Ṣe é níbi tí o wà yìí, kí o tó dìde lọ síbi tí o ń sáré lọ.